Ìrìn Ìgbáfẹ́ Ìrọ̀lẹ́ ní Àárín Ìlú Àkúrẹ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Kí ni ìrìn yìí gan-an?

Ẹsẹ̀ la fi ń rìn ín, kì í ṣe mọ́tò. A máa ń pàdé níwájú ààfin Déjì, ọba Àkúrẹ́, a ó wo ààfin àtijọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, a ó gba Ọjà Ọba Erékèsán kọjá lásìkò tí àwọn ìyá ọlọ́jà ń palẹ̀ mọ́, a ó yà sí Òpópónà Ọba Adésídà àti Arákálè, a ó sì parí rẹ̀ sí àdúgbò Ìjọmú. Wákàtí méjì sí méjì ààbọ̀ ni. Gbogbo ọ̀nà náà kò tó kìlómítà 3, ìdúró wa ló pọ̀ ju ìrìn wa lọ.

Ẹni tó bá ń wá òkè gíga àti àtẹ̀gùn, Ìdànrè ni kó kọrí sí, kò jìnnà. Tiwa níhìn-ín, ògiri ni, ọjà ni, orúkọ àdúgbò ni, àti ohun tó wà lẹ́nu àwọn àgbà.

Aago mélòó lẹ máa ń bẹ̀rẹ̀, kí ló sì dé tó fi jẹ́ ìrọ̀lẹ́?

Aago 5 ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ Ẹtì àti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, aago 5 kì í ṣe aago 5 àti ààbọ̀. Oòrùn Àkúrẹ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni: tó bá di oṣù kọkànlá, kò ní ju nǹkan bí aago 6:15 lọ tí yóò fi wọ̀, ní oṣù keje ló tó máa ń sún mọ́ aago 7. Tí a bá pẹ́ wọ ààfin, òkùnkùn la ó fọwọ́ pa lára ògiri.

Ní ti ìdí tó fi jẹ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ wá rìn ní Ọjà Ọba ní aago 2 ọ̀sán lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó rí èsì.

Elélòó ni?

₦5,000 fún àgbàlagbà, ìdajì owó náà fún ọmọdé. Ọmọ tí wọ́n bá pọ̀n sẹ́yìn kò san nǹkan kan. Ohun tí a máa ń fi kí àwọn ará ààfin ti wà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún gba owó lọ́wọ́ yín lẹ́nu géètì pé òun wà pẹ̀lú wa. Oúnjẹ kò sí nínú owó yìí. Ohun tí ẹ bá jẹ lójú ọ̀nà, ẹ̀yin lẹ ó san án.

Tí inú yín bá dùn sí amọ̀nà, tí ẹ fẹ́ fún un ní nǹkan, a ò ní dí i yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ béèrè. Tó bá béèrè, ẹ sọ fún wa.

Báwo ni mo ṣe máa dé ibẹ̀?

Ẹ sọ fún awakọ̀ tàbí ọlọ́kadà pé Ọjà Ọba lẹ ń lọ. Kò sí ẹni tó ń gbé èrò ní Àkúrẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n. Tí ẹ bá ti Alágbàkà tàbí yunifásítì FUTA wá, ẹ fi àyè ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sílẹ̀ fún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, pàápàá lọ́jọ́ Ẹtì.

Ẹ má gbé mọ́tò yín wá síwájú ọjà. Kò sí ibi ìgbọ́kọ̀sí tó dára níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹni tó bá sì gbé tirẹ̀ dí ọ̀nà alágbàárù yóò gbọ́ èdè tí kò gbọ́ rí.

Èdè wo lẹ fi ń ṣàlàyé?

Yorùbá. Tí àlejò tí kò gbọ́ Yorùbá bá wà láàárín wa, a máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì kín in, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wa ṣáájú.

Ẹ̀ka èdè Àkúrẹ́ yóò yọjú dáadáa, a ò sì ní fi pamọ́ nítorí àlejò. Níbi tí ará Ọ̀yọ́ yóò ti pe ilé, isu àti ìlú, ará Àkúrẹ́ yóò pe ulé, usu àti ulú. Ẹni tó bá ti mọ èyí, ojú rẹ̀ á tètè là nínú ààfin, torí pé “ùà” ni wọ́n ń pe àgbàlá níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀nà tí ẹ lè gbà ṣàlàyé ààfin Déjì láìpe ùà.

Kí ni kí n wọ̀, kí ni kí n mú dání?

Bàtà pẹlẹbẹ tó dì mọ́ ẹsẹ̀. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Arábìnrin kan wọ bàtà gogoro wá láti ibi ìnáwó, ó ní òun kò ní pẹ́. Arákálè ni gọ́tà ti gbé gìgísẹ̀ kan mì. A fi tọ́ọ̀ṣì wá a títí, ẹyọ kan ló fi tiro délé.

Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì kékeré tàbí fóònù tí bátìrì rẹ̀ kún, nítorí kò sí ẹni tó mọ wákàtí tí wọ́n máa mú iná lọ. Ẹ mú omi. Ẹ wọ aṣọ tó bo èjìká àti orúnkún, ọkùnrin tó bá dé fìlà yóò ṣí i tí a bá wà níwájú ọba tàbí ìjòyè. Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ náà, torí alágbàdo kò ní ṣẹ́ńjì ₦1,000 ní aago 7 alẹ́.

Ṣé mo lè mú ọmọ wá? Màmá mi tí orúnkún ń dùn ńkọ́?

Ọmọ tó bá lè rìn láìsunkún fún wákàtí kan lè wá. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ sókè ló máa ń gbádùn rẹ̀ jù, àwọn ló sì ń béèrè ìbéèrè tó ń mú amọ̀nà làágùn.

Ní ti Màmá, ilẹ̀ ibẹ̀ kò ga púpọ̀, àmọ́ kò tẹ́jú. Ẹnu ọ̀nà inú ààfin ní ìloro tí èèyàn ń gbẹ́sẹ̀ lé, gọ́tà sì wà tí a óò dá kọjá. A máa ń gbé àpótí ìjókòó méjì dání. Ohun tí a máa ń gbà wọ́n nímọ̀ràn ni pé kí wọ́n bá wa wo ààfin àti ọjà, kí ẹnìkan fi tááksì gbé wọn lọ sílé lẹ́yìn náà. Ibi tó dùn jù náà nìyẹn.

Tí òjò bá rọ̀ ńkọ́?

Bó bá jẹ́ wínníwínní, à ń lọ. Bó bá jẹ́ òjò alágbára, a ó sún un sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, owó yín kò ní sọnù. Oṣù kẹfà sí ìkeje àti oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ni òjò ń lágbára jù lọ́dọ̀ wa, ó sì máa ń sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ.

Èmi fẹ́ràn ìgbà ọyẹ́, láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì. Erukuru á máa bẹ lójú afẹ́fẹ́ lóòótọ́, ètè á máa là, ṣùgbọ́n oòrùn á pọ́n bí epo pupa lórí àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà. Ẹ mú ìpara dání.

Ṣé ààbò wà lálẹ́?

A kì í rìn ju aago 7:30 lọ, a kì í gba kọ̀rọ̀ tí a kò mọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀, amọ̀nà méjì ló sì máa ń wà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni fóònù yín nínú èrò ọjà, àti ọlọ́kadà tó ń gba ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀ bọ̀. Ẹ fi báàgì yín síwájú àyà.

Ṣé a ó rí Kábíyèsí?

A ò lè ṣèlérí ìyẹn. Ọba Aládétóyìnbó Ògúnládé Aládélúsì, Ọ̀dúndún Kejì, ló wà lórí ìtẹ́ láti ọdún 2015, ọba kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n ń pàtẹ fún àlejò. Ó lè ṣẹlẹ̀ pé kí wọ́n máa jáde lọ tàbí kí wọ́n máa wọlé bọ̀ nígbà tí a bá wà níbẹ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ṣe ohun tí amọ̀nà bá ṣe: ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀, gbogbo wa á kí “Kábíyèsí!” Fóònù á wà nínú àpò.

Báwo ni ààfin àtijọ́ yẹn ṣe pẹ́ tó, kí ló sì wà níbẹ̀ láti wò?

Ọdún 1150 ni ìtàn ìlú máa ń dá fún ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ààfin dó, ojú ibẹ̀ náà ló sì ṣì wà ní àárín ìlú títí dòní. Ní ọdún 1990, ìjọba àpapọ̀ kà á mọ́ àwọn ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ẹ má wá rò pé gbogbo amọ̀ tí ẹ bá fọwọ́ kàn ti wà láti 1150 o. Ilé amọ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n ń tún mọ, tí wọ́n ń tún rẹ́, tí òrùlé rẹ̀ ń kúrò ní koríko tí ó ń di páànù. Ojú ilẹ̀ àti ètò ilé ló dàgbà jù níbẹ̀.

Ètò ilé náà ni kí ẹ fojú sí. Ùà tó wà níbẹ̀ lé ní 15, kálukú pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀. Ùà Ùbúra wà fún ìbúra nìkan: ibẹ̀ ni wọ́n ń mú ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá dá wọn lójú lọ. Ùà Ìkómọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọmọ lórúkọ. Ùà Jẹ́mifọhùn náà wà, ẹ pe orúkọ yẹn jẹ́ẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ. Mo máa ń sọ fún àwọn àlejò pé tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ká ọba kan lára, ẹ wo iye yàrá tó kọ́ fún un. Níhìn-ín, ọ̀rọ̀ ẹnu ní àgbàlá, ìbúra ní tirẹ̀, ọmọ tuntun ní tirẹ̀.

Níbi tí amọ̀ tí wọ́n fi rẹ́ ògiri ti ṣí, ẹ sún mọ́ ọn. Ẹ ó rí ìlà tó dá ipele kan yà sọ́tọ̀ lára èkejì: bí wọ́n ṣe ń mọ ọ́n nìyẹn, wọ́n á mọ ipele kan, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ yín sí abẹ́ òrùlé, níbi tí oòrùn kò dé. Ó tutù. Ní aago 5:30 ìrọ̀lẹ́ tí páànù ilé yín ṣì ń gbóná, ògiri yìí tutù bí ìkòkò omi. Ìmọ́lẹ̀ á máa gba àárín àgbàlá wọlé látòkè, ibi tí òjò ń gbà wọlé náà nìyẹn, ihò sì wà nílẹ̀ tí omi ń bá jáde. A máa ń fún yín ní ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ̀rọ̀ níbẹ̀. Àwọn kan máa ń bínú pé amọ̀nà dákẹ́.

Kí ló dé tí ọjà fi wà lẹ́nu ààfin?

Bí ìlú Yorùbá ṣe ń rí nìyẹn: ààfin láàárín, ọjà ọba níwájú rẹ̀, gbogbo ọ̀nà ńlá á sì darí síbẹ̀. Ọba ń gbọ́ ohùn ọjà láti inú ilé rẹ̀. Tí owó ata bá gbé lékè, kò sí ẹni tí yóò kọ lẹ́tà sí i kó tó mọ̀. Erékèsán wà lára ọjà àtijọ́ náà, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni ọmọ Àkúrẹ́ sì fi ń pe orúkọ rẹ̀.

Àsìkò tí a máa ń gba ibẹ̀ kọjá ni wọ́n ń pe ọjà ìparí. Ẹ wo bí ìyá aláta ṣe ń wọn rodo sínú kóńgò: á kọ́kọ́ fi ọwọ́ òsì ṣe odi yí ẹnu kóńgò ká, á wá fi ọwọ́ ọ̀tún kó ata lé e títí yóò fi ga bí òkìtì, á sì tún ju ẹyọ mẹ́ta lé e, èyí ni “ènì.” Ní ọ̀sán, ẹyọ kan lẹ ó rí. Ní aago 6:30 tí kò fẹ́ gbé e relé, ó lè fi ẹ̀kúnwọ́ ṣe é. Àtùpà epo ni mo bá níbẹ̀ nígbà èwe mi, iná tí wọ́n ń sá sóòrùn ló kù báyìí, ó funfun báláú, kò sì lóòórùn.

Ẹ lè rajà. Ẹ lè nájà pẹ̀lú, àmọ́ ẹ má nájà ohun tí ẹ kò ní rà. Ìrìn wa kò ní dúró ju ìṣẹ́jú 20 lọ níbẹ̀.

Ta ni Adésídà, ta ni Arákálè?

Ọba méjèèjì ni wọ́n. Ọba Afúnbíowó Adésídà Kìíní gorí ìtẹ́ ní 1897, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1957, ọgọ́ta ọdún gbáko. Ẹni tí wọ́n bí lọ́dún tó jọba, tó sì bí ọmọ, tí ọmọ náà tún bímọ, ọba kan ṣoṣo ni gbogbo wọn mọ̀. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára òpópónà ńlá tó la àárín ìlú já.

Ìtàn Arákálè korò. Òun ló wà lórí ìtẹ́ nígbà tí ogun Bìní kọ lu Àkúrẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1818, ogun náà ló sì gba ẹ̀mí rẹ̀. Lónìí, ẹ ó bá aṣọ títà, fóònù títúnṣe àti bọ́ọ̀lì ní ojú ọ̀nà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ èèyàn mẹ́wàá níbẹ̀ ẹni tí Arákálè jẹ́, ẹ ó mọ ìdí tí a fi dá ìrìn yìí sílẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé Bìní ló ni Àkúrẹ́ nígbà kan?

Ìbéèrè tó ń dá ìjà sílẹ̀ nìyí. Ohun tí kò ṣe é jiyàn sí ni pé ìlú méjèèjì wọnú ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní òwò, ní ìgbéyàwó àti ní ogun. Àwọn tí à ń pè ní Àdó Àkúrẹ́ ṣì wà láàárín wa, Bìní ni orírun àwọn bàbá ńlá wọn. Èyí tó kù, bí ará Bìní ṣe ń sọ ọ́ kọ́ ni ará Àkúrẹ́ ṣe ń sọ ọ́. A máa ń sọ méjèèjì.

Ṣé obìnrin ti jọba rí ní Àkúrẹ́?

Bẹ́ẹ̀ ni. Orúkọ obìnrin méjì wà nínú ìtò àwọn Déjì: Èyé Àró àti Èyémọ̀ìn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, tí ọba bá wàjà, ọmọbìnrin rẹ̀ ni wọ́n máa ń fi ṣe adelé títí ọba tuntun á fi jẹ. Aṣọ ọkùnrin ni adelé ń wọ̀, fìlà ìlẹ̀kẹ̀ ló ń dé. Ọmọ-ọba Adétútù Adésídà ló wà nípò náà láàárín 2013 sí 2015, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí ló rí i.

Amọ̀nà yín sọ ìtàn bí ìlú ṣe bẹ̀rẹ̀ yàtọ̀ sí bí bàbá àgbà mi ṣe sọ ọ́. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Èyí tí a máa ń sọ ni èyí tó gbilẹ̀ jù: Ọmọrẹ́milẹ́kún Aṣọ́dẹbóyèdé, ọmọ ìran Odùduwà, kúrò ní Ifẹ̀, ó ń dọdẹ erin bọ̀ títí ó fi dé ibí. Àkún ọrùn rẹ̀ já, ìlẹ̀kẹ̀ túká, wọ́n ní “Àkún rẹ́.” Ibẹ̀ ni Àkúrẹ́ ti jáde. “Olóyèmẹkùn” tí a fi ń ki ìlú náà, àpáta Oyèmẹkùn ló ti wá.

Ilé kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, pàápàá lórí ẹni tó ti wà nílẹ̀ kí Aṣọ́dẹbóyèdé tó dé. Tí Bàbá yín bá ṣì wà láàyè, ẹ gbà á sínú fóònù lónìí. Tí ẹ bá sọ ọ́ fún wa lójú ọ̀nà, amọ̀nà ò ní bá yín jiyàn, á bèèrè àdúgbò tí wọ́n ti wá.

Kí ló dé tí ẹ kì í dé Ìsọ̀lọ̀ àti Ìsìnkàn?

Ẹsẹ̀ kò ní gbé wa débẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú, ìdí kìíní nìyẹn. Ìkejì ni pé ibẹ̀ ní adé tiwọn, Ọ̀sọ̀lọ̀ ní Ìsọ̀lọ̀, Ìràlẹ̀pò ní Ìsìnkàn. Ọ̀rọ̀ ààlà àti ipò láàárín àwọn ààfin wọ̀nyí kì í ṣe ohun tí amọ̀nà yóò máa dá ẹjọ́ rẹ̀ níta gbangba. Ẹ má fi ìbéèrè há a mọ́ kọ̀rọ̀.

Kristẹni ni mí. Ṣé kò sí ìbọ nínú rẹ̀?

Kò sí. A kì í bọ nǹkan kan, a kì í ní kí ẹ jẹ nǹkan kan, a kì í wọ ojúbọ. Àwọn ibì kan wà nínú ààfin tí wọn kì í jẹ́ kí àlejò dé, Mùsùlùmí ì báà jẹ́, Kristẹni ì báà jẹ́, a kì í bẹ̀ wọ́n. Mọ́ṣáláṣí ńlá wà nítòsí ọjà. Tí wọ́n bá pe ìrun Mọ́gáríbì, a máa ń dúró kí ẹni tó fẹ́ kírun kí i. Ìjọmú níbi tí a ti ń parí ni ṣọ́ọ̀ṣì St David's wà.

Ṣé mo lè ya fọ́tò tàbí fídíò?

Níta, bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ààfin, ibi tí amọ̀nà bá ní kí ẹ yà nìkan. Èèyàn, ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ìyá tó ń palẹ̀ mọ́ lọ́jà pẹ̀lú ìró àjàmọ́ra kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ní Kánádà rí òun lórí TikTok bẹ́ẹ̀. Tó bá ní rárá, rárá náà ni. Dúróònù kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá, kò sẹ́ni tó ń fò lórí ààfin.

Ṣé àwọn ọjọ́ kan wà tí ẹ kì í jáde?

Ó wà. Lásìkò ọdún ìbílẹ̀ Aheregbe, ọjà àti ṣọ́ọ̀bù máa ń wà ní títì. Nígbà ọdún Ulefunta, ọba á wọ ìpèbí fún ire ìlú, ààfin kò sí fún ìgbáfẹ́. Ọjọ́ wọn kì í ṣe ọjọ́ kan náà lọ́dọọdún, ẹnu ààfin la ti ń gbọ́ ọ. Lọ́dún tí a bẹ̀rẹ̀, èmi fúnra mi kò béèrè. Èèyàn 14 ni mo kó wá síwájú ọjà tí gbogbo ìlẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, alàgbà kan sì bi mí bóyá àlejò ni èmi náà. Látìgbà yẹn, àárọ̀ ọjọ́ Ọjọ́rú kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń lọ béèrè kí a tó fi ìdí ìrìn múlẹ̀.

Ṣé inú àwọn ará àdúgbò ń dùn sí àwọn tó ń wá wò wọ́n?

Kì í ṣe gbogbo wọn. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: ẹ jókòó síta ilé yín, ẹ ń bó ẹ̀gúsí, èèyàn 15 wá dúró síwájú yín, wọ́n ń nàka sí ògiri. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í mú ju 15 lọ, tí a kì í sì í wọ ilé ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé onílé pè wá.

Ìyá àgbà kan wà ní kọ̀rọ̀ Arákálè, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí bàbá ọkọ rẹ̀ fi owó kòkó kọ́ ló ń gbé. Ìgbà kìíní tí a dúró níwájú rẹ̀, ó lé wa. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ wo ilé òun, kó kọ́kọ́ kí òun. Ní báyìí, gbogbo èrò ló ń kúnlẹ̀, tó ń dọ̀bálẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń nàka sí fèrèsé kan lókè tó ní òun ti kọ́kọ́ rí mọ́tò. Aago 7 ló máa ń wọlé lọ sùn. Tí ẹ bá pẹ́ dé ní aago 5, ẹ ò ní bá a níta.